Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kí ẹ tó gbé gbohùngbohùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ kọ́ àwọn ìyá àdúgbò nípa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, ẹ wá ń béèrè bóyá ìpàdé ńlá ló dáa àbí kí ẹ tẹ ìwé ìpolongo káàkiri. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọ̀n omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ mu, láti fi dípò omi tí ìgbẹ́ gbà lára rẹ̀, ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni irú ètò yìí ti máa ń dàrú.

Àwọn aláṣẹ á wá, wọn á sọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, wọn á ní "ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi," wọn á ya fọ́tò, ó tán. Ṣíbí wo? Omi mélòó? Wọn ò sọ. Bí ọmọ bá wá rọ, wọn á ní àwọn ìyá ò gbọ́ràn. Ó máa ń bí mi nínú. Ìyá yẹn gbọ́ràn, ohun tí wọ́n sọ fún un ni kò pé.

Ìwọ̀n rẹ̀ rèé: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ṣíbí tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ojú rẹ̀ tẹ́jú ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tó kún kọjá etí. Ṣíbí tíì ń gba mílílítà 5, ṣíbí ńlá ń gba 15. Ẹni tó bá fi ṣíbí ńlá bu iyọ̀ ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Iyọ̀ àjùlọ á máa dá kún òùngbẹ ọmọ, ó sì lè fa gìrì. Ṣúgà àjùlọ á fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún wá le sí i. Nítorí náà, kí ìyá kọ́kọ́ po iyọ̀ mọ́ omi, kó tọ́ ọ wò kó tó da ṣúgà sí i. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kó dà á nù, kó po òmíràn.

Omi gan-an tún jẹ́ wàhálà. Ìgò kan gba sẹ̀ǹtílítà 50, òmíràn 75, òmíràn lítà kan ààbọ̀, "ìgò kan" ni gbogbo wọn sì ń jẹ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa. Ẹ gbé ìgò lítà 1 tó dájú wọ ilé, ẹ da omi rẹ̀ sínú ike tí ìyá náà ń lò fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ìṣó ha ìlà síbi tí omi dé. Ẹ má fi bírò fà á, yóò parẹ́ bí wọ́n bá fọ ike.

Bí ORS inú ọ̀rá, ìyẹn lúbúlúbú oògùn tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, bá wà, òun ló dáa jù, torí ó ní pọtásíọ̀mù, èròjà kan tí ara nílò, tí iyọ̀ àti ṣúgà ò ní. Ẹ ka ara ọ̀rá: òmíràn wà fún lítà 1, òmíràn fún mílílítà 200. Kò sí pípín in sí méjì. Omi nìkan ni kí wọ́n fi pò ó, kì í ṣe wàrà, kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bó bá pé wákàtí 24, kí wọ́n dà á nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á mu 100 sí 200. Bó bá bì í, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmú àti oúnjẹ ò gbọdọ̀ dúró. Kí wọ́n tún fún un ní oògùn zinc, miligíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí miligíráàmù 10 lójúmọ́ bí ọmọ ò bá tíì pé oṣù 6. Kí wọ́n lò ó tán bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ ti dá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọdé ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Ó lè mú kí ìfun kọ iṣẹ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ojú tó jìn wọnú, ọmọ tó rọ jọwọrọ, tí kò lè mu nǹkan tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa fún un lómi náà lójú ọ̀nà bó bá ṣì lè gbé e mì.

Ìbéèrè yín wá ńkọ́? Ìpàdé ńlá, ẹ fi kéde ọjọ́ nìkan. Ẹ kó ìyá 8 tàbí 10 jọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìyá àgbà tó ń bá wọn tọ́mọ, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ po tirẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Gbogbo ènìyàn ló máa ń ní ó yé òun. "Ẹ ṣe é kí n rí i" ni kí ẹ wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ sílé wọn, kí wọ́n tún ṣe é lójú yín. Ìwé ìpolongo kan tó fún ilé kan, àwòrán ni kó wà lára rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí ṣíbí wà. Kí ẹ tó pe ìpàdé kankan, ẹ lọ fojú ara yín rí ORS àti zinc ní ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ darí wọn sí, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa ń ṣílẹ̀kùn lóru.