Èsì: Ọwọ́ ọmọ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀
Màmá wa ní Ìkòròdú, ẹ bèèrè bóyá ọwọ́ òsì ọmọ yín, tí rọpárọsẹ̀ (stroke, tí ń ba ọpọlọ jẹ́) mú ní ọdún 2 sẹ́yìn, ṣì lè ṣiṣẹ́. Ó ṣì lè sunwọ̀n sí i, nítorí pé apá tí kò bàjẹ́ nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ èyí tí ó bàjẹ́, bí ọwọ́ náà bá ń ṣiṣẹ́ lemọ́lemọ́. Àwọn oníṣègùn fisiotẹ́rápì, tí ń fi ìdárayá wo ara, máa ń fi ìbọ̀wọ́ dí ọwọ́ tí ó dá ṣáṣá fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí èyí tí ó rọ lè máa ṣa ẹ̀pà sínú abọ́. Àbí ọmọ wo ni yóò fínnúfẹ́dọ̀ lo ọwọ́ tí ó wúwo? Ẹ má dá a ṣe o, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ni ó fà á, ẹ bi dókítà nípa ẹ̀jẹ̀ gbígbà àti oògùn hydroxyurea, kí rọpárọsẹ̀ má baà tún kọlù ú.