Ẹ Bi Wá: Táńkì Ni Tàbí Lẹbẹ? Ìbéèrè Yín Lórí Subnautica

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí dá lórí Subnautica, géèmù inú òkun tí ilé iṣẹ́ Unknown Worlds Entertainment gbé jáde ní kíkún lóṣù January 2018. Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Aurora já lulẹ̀ sórí ayé kan tó jẹ́ kìkì omi, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá bí ẹ ó ṣe yè é. Kò sí pé ẹ ń gorí ìpele, kò sí máàkì tí ẹ ó pín sórí agbára tàbí eré. Ohun tí ẹ bá ṣe, tí ẹ sì wọ̀ sára, òun ni agbára yín. Ìdí nìyẹn tí yíyàn fi le. A fi orúkọ àwọn ohun èlò sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe rí i lójú ẹ̀rọ, kí ẹ má baà wá a tì.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí mo bá ti mòòkùn, èémí á tán kí n tó rí nǹkan kan mú. Ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ ṣe nítorí àwọn ẹja tó ń buni jẹ. Kí ló kàn? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)*

Ọ̀bẹ kò burú, ẹ ó fi gé ewé Creepvine láìpẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ẹja ló ń pa yín, èémí ni. Ìṣẹ́jú àáyá 45 péré lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ padà sójú omi láàyè, ìdajì rẹ̀ ni ti àlọ, ìdajì ni ti àbọ̀, nítorí náà nǹkan bí 22 lẹ ní láti fi wá nǹkan. Standard O₂ Tank ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde nínú Fabricator yín, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣe ohun èlò. Titanium 3 ló ń gbà, á sì fi 30 kún èémí yín kó di 75. Ẹ má wulẹ̀ fọ́ òkúta kiri nítorí titanium 3. Ẹ wá àfọ́kù irin ọkọ̀ tó fọ́n ká sísàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń pè ní Metal Salvage. Ẹyọ kan ṣoṣo, bí ẹ bá yọ́ ọ nínú Fabricator, á fún yín ní titanium 4.

Kí ẹ tó lọ wá táńkì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe Fins, ìyẹn lẹbẹ ẹsẹ̀. Rọ́bà Silicone 2 ló ń gbà, ìṣù kan ṣoṣo lára èso Creepvine tó ń tàn yòò ló sì ń di rọ́bà 2. Ọwọ́ lásán lẹ fi ń já a, ẹ kàn máa ṣọ́ Stalker, ẹja ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀. Ìdí tí lẹbẹ fi ṣáájú táńkì kejì ni pé táńkì kàn ń fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú ni, ṣùgbọ́n lẹbẹ ń mú kí gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ ní, ti àtijọ́ àti ti tuntun, gbé yín jìnnà sí i. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí tún wà níbẹ̀: ọwọ́ òfìfo yá ju ọwọ́ tó mú irinṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá ń sáré wá èémí lókè, ẹ fi ọ̀bẹ tàbí Scanner yẹn sínú àpò.

Lẹ́yìn èyí ni High Capacity O₂ Tank. Ó ń gba táńkì àkọ́kọ́ yẹn fúnra rẹ̀, titanium 4, gíláàsì 2 àti fàdákà 1. Quartz 2 ló ń di gíláàsì kan, nítorí náà quartz 4 lẹ máa kó. Èémí yín á di 135. Inú òkúta Sandstone ni fàdákà wà. Titanium àti bàbà nìkan ni Limestone máa ń fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́ ogún rẹ̀ láìrí fàdákà.

*Mo ní High Capacity Tank, ojú ẹ̀rọ sì kọ 135. Àmọ́ tí mo bá dé nǹkan bí 150 mítà, èémí a máa sáré tán bí ẹni pé táńkì ń jò. Ṣé géèmù mi ti bàjẹ́ ni? (Òǹkàwé kan, Peckham, London)*

Kò bàjẹ́ rárá. Bí géèmù náà ṣe rí nìyẹn: tí ẹ bá ti kọjá 100 mítà, iye èémí tí ẹ ń ná lẹ́ẹ̀kan á pọ̀ sí i, tí ẹ bá kọjá 200, á tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 135 tí ẹ rí kọ jẹ́ 135 ní tòsí òkè omi nìkan. Táńkì mìíràn kò lè wo àìsàn yìí sàn, Rebreather ni oògùn rẹ̀. Orí ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, kò sì wọ́n: Wiring Kit 1, tó ń gba fàdákà 2, àti Fiber Mesh 1, tó ń gba ègé Creepvine 2 tí ẹ fi ọ̀bẹ gé. Ẹni tó bá ní àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kò tíì ṣe é ń fi èémí ṣòfò lójoojúmọ́.

Ẹni tí kì í kúrò nínú omi tí kò jìn tó 100 mítà kò nílò rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá jókòó sínú Seamoth, ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lábẹ́ omi, ọkọ̀ náà ló ń fún yín ní èémí níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá jáde síta ni Rebreather ń ṣiṣẹ́.

*Ẹ̀yin olóòtú, mo wọ aṣọ Radiation Suit lọ sí Aurora, mo sì fi Rebreather sórí kí èémí mi má baà tètè tán. Síbẹ̀ ìtànṣán olóró ń pa mí. Aṣọ yẹn ha wúlò bí? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)*

Ó wúlò, àmọ́ ẹ ti bọ́ apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta ni Radiation Suit: aṣọ, ìbọ̀wọ́ àti àkẹtẹ̀ orí. Bí ọ̀kan bá kù, ìtànṣán á wọlé. Orí kan ṣoṣo sì ni ẹni inú géèmù ní, bí Rebreather bá ti wà níbẹ̀, àkẹtẹ̀ á kúrò. Nítòsí Aurora, àkẹtẹ̀ ló ṣe kókó. Ẹ tọ́jú Rebreather sínú àpò, kí ẹ pààrọ̀ wọn nígbà tí ẹ bá ti jáde kúrò níbi tí ìtànṣán dé.

Ọ̀rọ̀ ara kan, ohun kan yìí kan gbogbo ara ni. Àyè kan ló wà fún orí, kan fún aṣọ, kan fún ọwọ́, kan fún ẹsẹ̀, kan fún táńkì, méjì sì wà fún chip bíi Compass. Nígbà tí ẹ bá ti fi Repair Tool dí ojú ihò 11 tó wà níbi ẹ̀rọ ńlá inú Aurora, ìtànṣán á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àyè aṣọ á sì ṣí sílẹ̀. Àwọn kan á sọ pé Stillsuit ni kí ẹ wọ̀ nítorí pé ó ń pèsè omi mímu. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Omi mímu kì í ṣe ìṣòro lọ títí nínú géèmù yìí: ẹja Bladderfish kan ń di omi kan, iyọ̀ 1 àti ègé Coral Tube 1 sì ń di Bleach tó ń fún yín ní ìgò omi 2. Ẹ wọ Reinforced Dive Suit tó ń dín ìpalára kù. Dáyámọ́ńdì 2, titanium 2 àti Synthetic Fibers 1 ló ń gbà. Fibers yẹn ló ń dá àwọn èèyàn dúró, nítorí ó ń gba Benzene, Benzene sì ń gba Blood Oil 3 láti agbègbè Blood Kelp, níbi tó ṣókùnkùn tó sì jìn.

*Lithium 4 péré ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n ṣe Ultra High Capacity Tank ni àbí Lightweight? Ẹ jọ̀ọ́, Modification Station mi tún ń sọ pé n kò ní táńkì, bẹ́ẹ̀ ó wà lẹ́yìn mi! (Òǹkàwé kan, Houston)*

Ìṣòro kejì ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ẹ̀. Ohun tí ẹ wọ̀ sára kì í wọ ìṣirò. Ohun tó wà nínú àpò nìkan ni Modification Station, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun èlò di èyí tó dára sí i, ń kà. Ẹ bọ́ táńkì sínú àpò, á rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Fins tí ẹ bá fẹ́ sọ wọ́n di Ultra Glide Fins.

Táńkì méjèèjì ń gba High Capacity Tank kan. Ultra fi lithium 4 lé e, ó sì ń gbé èémí dé 225. Lightweight fi Plasteel Ingot 1 lé e, èyí tó jẹ́ titanium 10 àti lithium 2, èémí sì dúró sí 135. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í fà yín sẹ́yìn bíi ti Ultra, tó wúwo.

Ultra lẹ máa ṣe. Lóòótọ́ á dín eré yín kù, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi kún èémí, 90, pọ̀ ju ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín lọ. Nínú àfọ́kù ọkọ̀, níbi tí ẹ ti ń wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn tí ẹ ò sì lè gba òkè jáde tààrà, ìṣẹ́jú ló ń gbani, kì í ṣe eré. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ṣe Ultra kejì, kó sì gbé e sínú àpò fún ìgbà ìṣòro. Èyí tó wà nínú àpò yẹn náà ń dín eré kù. Ẹ fi sílé. Lithium tó kù, ẹ wá a nínú òkúta Shale, kí ẹ fi 1 ṣe Ultra Glide Fins pẹ̀lú Fins, rọ́bà 2 àti titanium 1. Eré tí táńkì gbà, lẹbẹ á dá a padà.

*Seamoth mi ní Depth Module MK1 àti MK2. Mo rò pé 300 àti 500 á di 800. Ó fọ́ mọ́ mi lórí kí n tó dé 600. Kí ló fà á? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)*

Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọn kì í rò wọ́n pọ̀, èyí tó ga jù nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Seamoth lásán ń dé 200 mítà, MK1 ń gbé e dé 300, MK2 dé 500, MK3 dé 900. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, omi á máa tẹ ara ọkọ̀ títí á fi fọ́. MK1 tí ẹ fi kún un kàn gba ọ̀kan nínú àyè 4 tí ọkọ̀ ní. Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kí ẹ fi ṣe MK2, nítorí MK1 wà lára ohun tí MK2 ń gbà. Vehicle Upgrade Console inú Moonpool, ìyẹn ibùdókọ̀ inú ilé yín lábẹ́ omi, lẹ ti ń ṣe MK1, pẹ̀lú Titanium Ingot 1 àti gíláàsì 2. Modification Station lẹ ti ń ṣe àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ má yọ module kankan nígbà tí ọkọ̀ bá wà nísàlẹ̀ jíjìn. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá 900, ẹ fi Seamoth sílé, kí ẹ lọ ṣe Prawn Suit, ọkọ̀ tó dà bí aṣọ irin tí ẹ ó wọ̀ rìn nísàlẹ̀ òkun.

*Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọmọ ọdún 14 fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ó ní gbogbo ohun tóun ṣe láti ọ̀sán ló ti lọ. Ṣé wọn kì í bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ ni? (Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn)*

Màmá, wọn kì í bá a tọ́jú rẹ̀. Subnautica kì í dá fi iṣẹ́ pamọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dá géèmù dúró, kó sì tẹ Save. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tó bá ti ṣe ohun tuntun kan nínú Fabricator, àti kó tó jáde nílé sínú omi. Bí iná bá tún lọ, ìrìn kan péré ló máa tún rìn.