Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ní Ń Ṣọ́ Adójútòfò tí Ìjọba Dá Sílẹ̀?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú dáhùn lóṣù yìí, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọmọ mi kan ń gbé ní ìlú Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, ó sì ra ilé síbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iléeṣẹ́ adójútòfò tí ó ń lò kọ̀wé sí i pé àwọn kò ṣe ilé rẹ̀ mọ́, gbogbo àwọn mìíràn tí ó sì kàn sí ni wọ́n ní ilé náà sún mọ́ òkun jù. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Citizens ni ó padà já sí, ó ní ti ìjọba ni. Bí ìjì bá wó ilé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níbo ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí owó san, ta ni ó sì ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà ná owó náà bí ó ṣe wù wọ́n? Mo fi àwòrán ojú ewé kìíní ìwé rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Bàbá onílé kan, Òkèṣà, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, a sì dúpẹ́ pé ẹ fi ojú ewé náà ránṣẹ́. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà fẹ́ àlàyé díẹ̀. Citizens kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba bíi ti ètò ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlera, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àwọn tí ó ra ìpín nínú rẹ̀ tí wọn yóò máa retí èrè lópin ọdún. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Florida ni ó fi òfin dá a sílẹ̀ ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n da ètò méjì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀, kí onílé tí àwọn adójútòfò aládàáni bá kọ̀ má baà wà láìní ẹni tí yóò gbà á. Ìjì líle kan tí wọ́n sọ ní Andrew, tí ó jà ní gúúsù Florida ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Iléeṣẹ́ adójútòfò 11 ni gbèsè ìjì yẹn dà wó, àwọn tí ó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfura wo gbogbo ilé tí ó bá wà létí òkun.

Ní ti owó, èyí tí àwọn onílé ń san lọ́dọọdún ni Citizens kọ́kọ́ ń lò, àti èyí tí ó ti fi pamọ́. Òun náà a tún máa sanwó fún àwọn adójútòfò ńláńlá káàkiri ayé, kí wọ́n lè bá a gbé nínú ẹrù náà bí ó bá wúwo jù. Bí gbogbo èyí bá tán, òfin fún un láṣẹ láti bu owó àfikún lé àwọn oníbàárà tirẹ̀, ó sì lè tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń san. Bí ìyẹn kò bá tó, ó lè fi òmíràn, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan, lé orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìdójútòfò tí a ń tà ní ìpínlẹ̀ náà, tí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì wà lára wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó háyà yàrá kan ní Florida, tí kò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju ọkọ̀ tí ó fi ń lọ síbi iṣẹ́ lọ, lè bá wọn san òfò ilé olówó tí ó kọjú sí òkun. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn àwọn ìjì ọdún 2004 àti 2005, àwọn aṣòfin kó 715 mílíọ̀nù dọ́là láti inú àpò ìpínlẹ̀ ní ọdún 2006 láti fi dí lára ihò tí ó wà nínú àpò Citizens; èyí tí ó kù ni wọ́n pín sórí ìwé ìdójútòfò àwọn ará ìlú, tí wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀ títí di ọdún 2015.

Ẹ wá béèrè ta ni ó ń ṣọ́ wọn. Bí a bá wo ìwé òfin, ìṣọ́ náà pọ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó jókòó sórí ìgbìmọ̀ tí ó ń darí Citizens: gómìnà ni ó yan mẹ́ta, olórí ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ yan méjì, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà yan méjì, abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin náà sì yan méjì. Ọ̀gá àgbà tí ìgbìmọ̀ yìí bá gbà síṣẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ti ìpínlẹ̀ ń wọ inú ìwé wọn láti ìgbà dé ìgbà, iye tí wọ́n bá sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé iwájú iléeṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adójútòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó, lójú tèmi, ni pé àwọn aṣòfin tí ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ìwé wò ni wọ́n tún ń dá iye owó. Ní oṣù Kínní ọdún 2007, tí inú ń bí àwọn onílé gidigidi, wọ́n ṣe ìjókòó pàtàkì kan, wọ́n sì fi òfin dá owó Citizens dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọdún 2010, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé sí i lọ́dún. Ọdún 2021 ni òfin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ààlà náà máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdá 15 ní ọdún 2026. Onílé ni olùdìbò. Aṣòfin wo ni yóò dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó ní owó tí àwọn ará àdúgbò òun ń san ti kéré jù? Báyìí ni Citizens, tí ó yẹ kó jẹ́ ibi tí ènìyàn ń sá sí nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn bá ti, ṣe di ọjà tí ó dínwó jù lọ, tí àwọn ènìyàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ títí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ní ọdún 2023. Àwọn aṣòfin náà ti rí i pé ó ń bọ̀. Ní ìjókòó pàtàkì oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n ṣòfin pé bí adójútòfò aládàáni bá lè gba ilé kan ní iye tí kò fi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé ti Citizens, onílé náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Citizens mọ́. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ìwé náà ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù kan.

Àwọn ará òde pàápàá ń yọjú wò ó. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Sheldon Whitehouse, tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìṣúná ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ̀wé béèrè bóyá Citizens lè san gbèsè rẹ̀ bí ìjì ńlá bá dé. Ẹnìkan lè ní kí ni ó kan Washington nínú adójútòfò ìpínlẹ̀ kan. Ohun tí ó kàn wọ́n ni pé bí apá Florida kò bá ká a, ẹnu ọ̀nà wọn ni wọn yóò wá kàn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni aṣòfin ní Tallahassee, olú-ìlú Florida, ìbéèrè tí n óò máa bi ọ̀gá Citizens ní gbogbo ìjókòó nìyí: bí irú ìjì tí a kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún bá dé lọ́la, èló ni kò ní sí nílé, orúkọ àwọn wo ni a óò sì kọ ọ́ sí?

Ní ti ojú ewé tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìjì líle. Kì í ṣe ẹ̀dínwó o. Bí ìwé bá gba ilé náà fún 300,000 dọ́là, 6,000 dọ́là àkọ́kọ́ nínú òfò tí ìjì bá ṣe, àpò ọmọ yín ni yóò ti jáde kí Citizens tó san kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ó tètè máa ya á sọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìjì òjò oṣù Kẹrin ká òrùlé ilé mi ní Parakin. Yàrá mẹ́jọ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló háyà mẹ́fà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo tún un ṣe, mo pe aṣojú adójútòfò kan kí ó wá wò ó. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ó ní amọ̀ ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣé àwọn aṣòfin wa ní Òṣogbo kò lè dá irú ti Florida sílẹ̀ fún wa? Ìyá onílé kan, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Wọn kò lè ṣe é, kì í sì í ṣe pé wọn kò fẹ́. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ni nọ́ńbà 33 lára àwọn ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin ọdún 1945 kan fi ìṣàkóso àwọn adójútòfò sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Tallahassee ń ṣe, Àbújá ni ó lè ṣe é níbí.

Ìyẹn kò ní kí àwọn ti Òṣogbo káwọ́ gbera. Abala 128 àti 129 ìwé òfin ọdún 1999 náà fún wọn lágbára láti ṣèwádìí àti láti pe ẹni tí ó bá yẹ wá sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára náà kò kọjá ohun tí wọ́n lè ṣòfin lé àti owó tí àwọn fúnra wọn yà sọ́tọ̀. Wọn kò lè pe adójútòfò kan kí wọ́n ní ó gbówó lé ènìyàn jù. Wọ́n lè pe kọmíṣánnà kí wọ́n bi í pé ṣé a ti dójú tòfò àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀, àti pé àwọn wo ni ó gba owó ìrànwọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ìjì bà nílé jẹ́. Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi aṣojú yín.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀. Abala 65 òfin ìdójútòfò ti ọdún 2003, tí òfin tuntun ti ọdún 2025 ti rọ́pò báyìí, ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, ó sì pa á láṣẹ pé kí a dójú tòfò irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí ìwólulẹ̀, iná, ilẹ̀ ríri, ìjì àti omíyalé. Òfò àwọn tí ń gbé inú ilé tàbí tí ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ ni ó ń wí o, kì í ṣe páànù yín. Síbẹ̀, níbi tí òfin bá ti fipá mú ènìyàn ra nǹkan, ó yẹ kí òfin náà mọ ibi tí ẹni tí wọ́n kọ̀ láti tà fún yóò lọ. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó kó àwọn òfin ìdójútòfò ilẹ̀ yìí jọ ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ NAICOM ni ó sì ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà. Abala 88 àti 89 ìwé òfin ọdún 1999 fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti ṣọ́ NAICOM fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà yín ti Parakin lọ.

Kò jẹ́ tuntun kí ìjọba wa kówọ́ lé irú ètò yìí. Láti ọdún 1987 ni ètò ìdójútòfò fún àgbẹ̀ ti wà, tí iléeṣẹ́ NAIC ń bójú tó. Lórí àwọn irè oko tí ètò náà gbà, ìjọba ni ó yẹ kó san ìdajì owó tí àgbẹ̀ ìbá san: ìjọba àpapọ̀ ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ ìdá 12.5. Iṣẹ́ aṣòfin níbẹ̀ kò le rárá. Kí ó ṣí ìwé ìṣúná, kí ó wò ó bóyá owó náà wà nínú rẹ̀, kí ó sì padà wá lópin ọdún wá wò ó bóyá wọ́n san án.

Mo yà nílé yín lọ́sẹ̀ tí ìjì náà jà. Mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta wà lójú oòrùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wà tí omi ti lẹ̀ pọ̀ bí àkàṣù ẹ̀kọ. Páànù yín wà lórí igi máńgòrò aládùúgbò, igi òrùlé ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó. Ìyẹn ni pé ìṣó kò já, páànù kò ya. Odindi òrùlé ni ó gbéra kúrò lórí ògiri, nítorí pé kò sí ohun tí ó so ó mọ́ ọn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí aṣojú adójútòfò yẹn ti gbé ojú sókè wò, dípò kí ó máa gbá ògiri. Ní Florida, òfin ní kí a dín owó kù fún onílé tí ó bá fi irin de òrùlé mọ́ ògiri, àwọn aṣòfin sì tún ya owó sọ́tọ̀ fún ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, tí wọ́n jí dìde ní ọdún 2022, nínú èyí tí ìpínlẹ̀ ń fi dọ́là méjì ti dọ́là kan tí onílé bá ná lórí irú iṣẹ́ yìí, títí dé 10,000 dọ́là. Èyí kì í ṣe ìdójútòfò, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní kí Ọ̀ṣun má ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní adójútòfò fún ilé tí àgbàrá ń bá jà. Mo ní ilẹ̀ kan létí odò Ẹ̀sìnmìrìn tí mo fẹ́ kọ́lé sí, ni mo ṣe ń béèrè. Ọmọ Ifẹ̀ kan.

ÌDÁHÙN: Flood Re ni orúkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016. Onílé kì í bá a rajà tààrà. Ọ̀dọ̀ adójútòfò tirẹ̀ ni yóò ti ra ìwé, adójútòfò náà ni yóò wá ti apá ti omíyalé sọ́dọ̀ Flood Re. Gbogbo iléeṣẹ́ tí ń dójú tòfò ilé níbẹ̀ ni ó ń dá owó sí i, 180 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún níbẹ̀rẹ̀, tí ó wá di 135 mílíọ̀nù ní ọdún 2022, tí ó sì tún gòkè sí 160 mílíọ̀nù ní ọdún 2025. Ọ̀gá rẹ̀ ń jíhìn fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní tààrà, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìparí fún un, nítorí pé ọdún 2039 ni yóò kógbá wọlé. Wọn kì í gba ilé tí a kọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2009 síwájú, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí rẹ̀ lọ kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Bí ẹ bá wà lọ́hùn-ún, wọn kò ní gba ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí.