Ọjọ́ mélòó ni kí èèyàn fún àgbo ibà?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé ọjọ́ mélòó ni àgbo ibà ń lò kó tó ṣiṣẹ́, pé ọjọ́ kẹrin rèé tẹ́ ẹ ti ń mu ún, ara fúyẹ́ lánàá, òtútù tún dé láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lónìí. Èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka ṣe yẹn kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí èsì á fi jáde. Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ wá ka ìyókù.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé tí oṣù Disẹ́ḿbà bá wọlé, oorun tán: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìnáwó, pósítà ìsọjí. Àárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ibà ká mi mọ́. Àyè àtilọ jókòó sí ọsibítù ò sí, mo bá gba Mushin lọ, sọ́dọ̀ ìyá alágbo kan tí màmá mi ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Màmá ò bi mí ní nǹkan púpọ̀. Wọ́n ṣa ewé dóńgóyárò, ewé ìbépẹ tó ti pọ́n lára igi, ewé tíì, èèpo orúwo, wọ́n ju ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta lé e, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. "Omidùn ni kó o fi sè é. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Tó o bá ti làágùn, ó ti tán nìyẹn."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló kó bá mi.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo mu ife àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti mu dóńgóyárò rí mọ̀ pé kì í tán lẹ́nu. Ìkorò rẹ̀ á jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n bí onílé tó wá gba owó ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn ti rin bẹ́ẹ̀dì mi gbindingbindin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara le koko. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ń fi àgbo yangàn fún àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ń to bébà sábẹ́ ẹ̀rọ tá a fi ń gé ìwé, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé ọ̀gá wa sáré pa iná ẹ̀rọ kí n má baà gé ìka mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún wọn? Mo ní àgbo ló ń lé e jáde.

Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Tí ara bá yá, àgbo ló ṣe é. Tí ara ò bá yá, àgbo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo wá fi ife kẹta kún méjì. Ọjọ́bọ̀, ara tún yá, mo tún fi ọpẹ́ ránṣẹ́ sí màmá alágbo. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ tọ̀ ní àárọ̀, tí mo rí i pé ìtọ̀ mi dúdú bíi kóòkì. Àbúrò mi ló gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mi ò tiẹ̀ rántí ọ̀nà tá a gbà.

Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ló ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n ka àwọn ọjọ́ tí mo gbọ̀n. Ajé, Ọjọ́rú, Jímọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kòkòrò ibà máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀ pupa, á bí síi níbẹ̀, tó bá tó nǹkan bíi wákàtí 48, wọ́n á bẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n bá ń bẹ́ jáde ni òtútù àti ooru máa ń mú èèyàn. Lẹ́yìn náà, òógùn á bò ó, ara á dákẹ́, títí wọ́n á fi tún bí òmíràn. Kì í fi gbogbo ìgbà bá aago mu bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n tèmi bá a mu. Ọjọ́ ìsinmi kòkòrò ni mo ń yin àgbo fún.

Kí ẹ má rò pé mo ń bú ewé o. Oògùn tí wọ́n fún mi lẹ́yìn tí mo bọ́ lẹ́nu dírípù, oníhóró 24, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta, ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí apá kan nínú rẹ̀. Tu Youyou, obìnrin tó yọ ọ́ jáde, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ohun tó sì kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́ ni iná: bí wọ́n ṣe ń sè é ni agbára ewé ń bá ooru lọ, àfìgbà tó fi ọ̀nà tí kò gbóná yọ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo rántí ìkòkò mi tó ń hó láti aago méje títí di mẹ́wàá.

Iye ọjọ́ tẹ́ ẹ béèrè náà, ohun tí ewé wá ṣe ló ń pinnu rẹ̀. Ewé asunwọ̀n òyìnbó kan náà rèé: tẹ́ ẹ bá mu ún lálẹ́ torí inú tó kì, kí ilẹ̀ mọ́ ẹ ti mọ̀ (ẹ má sì mu ife kejì torí pé ẹ ò rí nǹkan láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó há sórí afárá Third Mainland nìyẹn). Ṣùgbọ́n mo fi pa làpálàpá ọrùn mi, ọjọ́ márùn-ún ni kò yún mi mọ́, mo pa á tì, ó padà wá, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún bí oṣù kan, títí kan ọjọ́ tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ti jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tí wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń ṣiṣẹ́, ọtí inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ara kì í sọ fúnni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá nìkan ló lè sọ.

Nísinsìnyí, kí n tó mu ohunkóhun, mo máa ń kọ déètì sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, pẹ̀lú ọjọ́ tí n óò jáwọ́ tí nǹkan ò bá yí padà. Ibà nìkan ni mi ò kọ déètì fún. Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú, tó bá sì jẹ́ ọmọdé tàbí aláboyún, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

Ẹ mú ìgò àgbo yẹn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ. Èmi purọ́ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé mi ò mu nǹkan kan. Ó ní, "Brọ̀dá, dóńgóyárò ń rùn lẹ́nu yín."