Ọmọ Mi Ń Dákú, Wọn Kò sì Rí Ìdí Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìlú Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 15, ti dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Èyí àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti dúró kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí kejì, nígbà tí a lọ ṣe Kérésìmesì nílé, lágbàlá bàbá mi, nínú oòrùn. Èyí kẹta, níbi tó ti ń sáré ìje nílé-ìwé. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìyá mi ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é, pé kí n gbé e wálé. Kí ló lè fa irú èyí? Èmi ni Ìyá Títí.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Títí, ọmọ Ajílété. Bàbá Ìbejì ni mí, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé ní Dublin. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídákú ọmọ ti gbé èmi náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni. Lójú tèmi, ọ̀tọ̀ ni èyí kẹta.

Méjì àkọ́kọ́ jọ èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Bí ènìyàn bá dúró pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí ẹsẹ̀; bí ooru bá tún mú, tàbí tí ẹ̀rù, ìrora tàbí rírí ẹ̀jẹ̀ bá da ara rú, lílù ọkàn á falẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ọpọlọ kò ní tó. Kí ọmọ tó ṣubú, òyì á kọ́ ọ, òógùn tútù á bò ó, èébì á máa gbé e, ojú rẹ̀ á ṣú. Bó bá ti nà gbalaja, kò ní pẹ́ tí yóò fi jí, yóò sì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ lè gbọ̀n díẹ̀, kí àwọn ènìyàn sì máa pariwo wárápá. Ní ti wárápá, ara sábà máa ń gan, ọmọ lè gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jẹ, bó bá sì jí, ó lè pẹ́ kí iyè rẹ̀ tó bọ̀ sípò. Nílé, ẹ ronú sí ọyẹ́ oṣù Kejìlá tó ń gbẹ omi lára, àti oòrùn ọ̀sán, àti bóyá ọmọ náà kò fẹnu kan omi láti àárọ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó ń jẹun kó tó jáde. Ọmọ ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan kò gbọdọ̀ máa gbé inú òfìfo lọ dúró kọrin.

Àwọn ohun mìíràn náà wà. Nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ì bá ti fi èyí hàn. Oyún náà wà lára ohun tí dókítà lè béèrè, ẹ má bínú sí i. Ọkàn àwọn ọmọ kan sì máa ń sáré bí wọ́n bá ti dìde: láàárín ọdún 12 sí 19, bí lílù ọkàn bá fi 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú 10 tí ọmọ dìde dúró, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀, dókítà á wo ọ̀nà àìsàn tí wọ́n ń pè ní POTS.

Èyí tó ṣubú lẹ́nu eré sísá ni kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Bí ọmọ bá dákú nígbà tó ṣì ń sáré lọ́wọ́, tàbí tó ń lúwẹ̀ẹ́, tàbí tí ariwo òjijì bá bá a, pàápàá láìsí òyì tó ṣáájú, ọkàn ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Ó lè jẹ́ pé iná inú ọkàn ń pẹ́ jù kó tó padà sípò, èyí tí wọ́n ń pè ní long QT, tàbí pé ẹran ara ọkàn nípọn jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í sábà fi ìkankan nínú wọn hàn. ECG ni kí ẹ béèrè fún lọ́sẹ̀ yìí, àyẹ̀wò tó ń fi bí iná inú ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, tí wọ́n ń lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí kì í sì í dunni. Bí ECG bá dára, ẹ ṣì béèrè fún àwòrán ọkàn àti àyẹ̀wò lórí eré sísá, nítorí àìsàn náà lè fara pamọ́ nígbà tí ọmọ bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Dókítà á tún bi yín bóyá ẹnìkan nínú ẹbí kú lójijì kó tó pé ọmọ 40 ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wa á dáhùn pé rárá, nítorí pé nílé, a kì í ka irú ikú bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn. Èyí tó ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Èyí tó mọ odò wẹ̀ dáadáa tó sì rì, omi ló gbé e. Èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣàdédé yà wọ igbó lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, ayé ni wọ́n bú. Nítorí náà, ẹ má bá Màmá jà lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, torí ọwọ́ wọn ni ìtàn tí dókítà ń wá wà. Ẹ pè wọ́n, ẹ má sì béèrè àìsàn ọkàn. Ẹ béèrè ẹni tó ṣubú tí kò dìde mọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ béèrè bóyá ọmọ kan wà tó ya adití láti inú oyún, tó sì tún máa ń dákú, nítorí oríṣi long QT kan máa ń bá adití rìn. Ẹ bi ìdílé ọkọ yín bákan náà. Bí wọ́n bá rí àìsàn náà lára Títí, wọn á fẹ́ yẹ ẹ̀yin méjèèjì àti àwọn àbúrò rẹ̀ wò.

Kí ECG tó jáde, ẹ má gbé e lọ sílé o. Àwọn oògùn ibà kan, bíi quinine àti chloroquine, àti àwọn apakòkòrò kan bíi erythromycin, léwu fún ẹni tó bá ní long QT. Ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré ìje àti ìlúwẹ̀ẹ́ ná. Bó bá tún dákú, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹnikẹ́ni má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí kò bá mí dáadáa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì pe 999.