Gbèsè kì í ṣe dídá padà, sísan ni

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ títà ní Ọjà Ọba, l'Óṣogbo níbí, ló béèrè. Oníbàárà pè é lórí fóònù pé, "Bá mi sọ fún ìyá pé mo ti dá owó wọn padà." Ọ̀gá rẹ̀, ìyá yẹn gan-an, gbọ́, ó ní, "Kí ló dá padà? Gbèsè ló san." Ọmọkùnrin náà fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín dá padà àti san.

Ìyá ló jàre. Ohun tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín là ń dá padà. Bí mo bá yá odó aládùúgbò, odó yẹn náà ni màá dá padà. Bí aṣọ bá lábùkù, tí oníbàárà gbé e wá, ìyá á dá owó rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n owó tí mo wín, mo ti ná an. Iye rẹ̀ ni mo ń wá kiri, kí n fi dí ibi tó ṣófo lọ́wọ́ ẹni tó wín mi. Ìyẹn ni san. Àwọn àgbà kan kì í da yá pọ̀ mọ́ wín: ohun tí a ó lò tán, bí owó àti iyọ̀, wíwín ni. "Yá mi lówó" ti gba gbogbo ẹnu báyìí, ó sì ń dùn mí pé wín ń parẹ́ lọ.

San ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Inú rẹ̀ ni ẹ̀san ti jáde. À ń san oore. Ẹni tó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun á padà wá san ẹ̀jẹ́ lásìkò ọdún, lóṣù Kẹjọ. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kan náà ni òun àti sàn tí à ń lò fún aláìsàn. Rárá o, ohùn wọn ò dọ́gba, ọ̀rọ̀ méjì ni.

Ẹni tí kò san ńkọ́? Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri máa ń tà á láwìn, kí oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣòó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Bí wọ́n ṣe dẹni tí à ń pè ní Òṣómàáló nìyẹn.

Òwe tó ṣàlàyé san jù lójú tèmi ni èyí: "Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje." Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà: 1,200 àti 1,400. Ẹ wo bí èyí tó ń bọ̀ ṣe pọ̀ ju èyí tó lọ! Mo ti rí ìyá ọlọ́jà tó fi bírò fa ìlà lórí orúkọ oníbàárà tó ti san gbèsè rẹ̀ tán nínú ìwé àwìn, tó ní, "Olúwa á fi òmíràn rọ́pò," tó sì bi í lójú ẹsẹ̀ pé, "Èwo lẹ tún ń gbé?"

Nítorí náà, ọmọ mi, bó o bá ń kọ ìwé ọ̀gá rẹ, kọ "ó san lára rẹ̀" tàbí "ó ti san tán". Aṣọ tí wọ́n bá gbé wá nìkan ni kó o kọ "ó dá a padà" sí.