Ìbò gómìnà ní Guam: ohun tí ojú mi rí nínú ìbò abẹ́lé

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, arábìnrin mi. Ẹ sọ pé ẹ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pé ẹ ń kó kúrò ní Houston ní Texas lọ sí Guam, erékùṣù tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà ní Òkun Pàsífíìkì, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì bèèrè bóyá ẹ lè dìbò yan gómìnà níbẹ̀ ní 2026, bóyá ó di dandan kí ẹ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, àti bóyá ọkọ yín lè bá yín dìbò. Ọdún karùn-ún rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti kúrò ní Guam, ṣùgbọ́n ìbò 2018 tí a bá níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi, òun náà ni ó jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Ẹ lè dìbò. Bí ẹ bá ti ń gbé níbẹ̀ ní tòótọ́, ẹ mú ìwé tí ó fi hàn pé ọmọ Amẹ́ríkà ni yín àti èyí tí ó fi àdírẹ́sì ilé yín hàn, kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Kò le rárá. Èyí tí ó le ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, ohun tí ó sì sọ ìbò mi di asán nìyẹn.

Ní Guam, kò sí ẹni tí ó ń forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kí ó tó lè dìbò abẹ́lé, ìyẹn ìbò tí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan fi ń yan àwọn tí yóò fà kalẹ̀. Òtítọ́ ni èyí, òun náà sì ni ọ̀gbẹ́ni kan tí àwa aláwọ̀ dúdú tí a wà níbẹ̀ ń pè ní ọ̀mọ̀wé sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ó wá fi kún un pé, níwọ̀n ìgbà tí n kò ti sí nínú ẹgbẹ́ kankan, kí n máa ṣa àwọn tí ó wù mí níbikíbi tí mo bá ti rí orúkọ wọn. Irú àwọn ọ̀mọ̀wé báyìí, ìdajì òfin ni wọ́n máa ń mọ̀, ìdajì yẹn ni wọ́n sì máa ń fi ìgboyà kọ́ni. Ìdajì kejì tí kò mọ̀ ni pé nínú ìbò abẹ́lé, abala ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ gbọ́dọ̀ dìbò sí. Bí ẹ bá kun orúkọ ẹni kan ní abala àwọn Democrat, tí ẹ tún kọjá lọ kun orúkọ ẹlòmíràn ní abala àwọn Republican, ẹ ti ba ìwé ìbò yín jẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ 25 oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ìbò abẹ́lé ọdún 2018 bọ́ sí. Èmi ti dìbò tèmi ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí pé mo ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọkàn mi kò sì sí níbi tí mo wà. Wọ́n fún mi ní ìwé ìbò àti kálàmù, mo jókòó, mo wá ipò gómìnà. Ikọ̀ mẹ́rin ni ó ń du tíkẹ́ẹ̀tì àwọn Democrat ní ọdún náà, gómìnà àti igbákejì rẹ̀ ní ikọ̀ kan: Lou Leon Guerrero àti Josh Tenorio, Frank Aguon àti Alicia Limtiaco, Carl Gutierrez tí ó ti ṣe gómìnà rí pẹ̀lú Fred Bordallo, àti Dennis Rodriguez pẹ̀lú David Cruz. Mo kun àyè róbótó kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikọ̀ tí mo fẹ́, n kò ní sọ èyí tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Dededo tí ó ń du ipò sẹ́nétọ̀, tí ó bá wa gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọlé ní ọjọ́ tí a kó dé. Mo rí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ àwọn Republican, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ kun ún. Ọpẹ́ ni mo rò pé mo ń dá. Mo dá ìwé náà padà, mo lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

Àárọ̀ Sátidé ni ìyàwó mi pè mí ní Ìjẹ̀bú, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé Guam fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú Nàìjíríà. Ó ní òun ti dìbò, pé ó dára pé àlàyé wà lórí ìwé náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ì bá ti kọjá sí abala kejì. Mo dákẹ́. Ó ní, "Bàbá Tèmi, ẹ̀yin náà ka àlàyé yẹn, àbí?" Mo dá a lóhùn pé àwọn onílù ti dé, pé n óò pè é padà.

Nígbà tí èsì jáde, 260 ìbò péré ni Leon Guerrero fi borí Aguon. 260! Mo mọ̀ pé ìbò tèmi nìkan kò lè yí i padà, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ìyàwó mi ti sọ ọ́ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ilẹ̀ wa wá, tí ẹ ti to orí ìlà nínú oòrùn ní ìlú tí ẹ kò ti mọ̀ bóyá wọ́n máa ka ìbò yín, tí ẹ wá dé ibi tí wọ́n ti ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó wá jẹ́ ọwọ́ ara yín ni ẹ fi yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀, ẹ óò mọ ìdí tí n kò fi lè jẹun dáadáa níbi òkú náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ìbò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣì í kun, ẹ má fi kálàmù pa á rẹ́ fúnra yín, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀.

Ìbò gbogbogbòò ní oṣù Kọkànlá yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹ lè dìbò fún gómìnà láti inú ẹgbẹ́ kan kí ẹ sì yan sẹ́nétọ̀ láti inú òmíràn, kò sí ẹni tí yóò bi yín. Aguon kò gbà ní 2018, ó ní kí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ kọ orúkọ òun sínú ìwé ìbò, bẹ́ẹ̀ ni ìdíje náà fi di ti ikọ̀ mẹ́ta, nítorí pé Ray Tenorio ni àwọn Republican fà kalẹ̀. Òfin sì ní ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ikọ̀ méjì tí ó ṣáájú yóò tún ìbò dì ní ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn ìbò náà. Díẹ̀ ni Leon Guerrero fi kọjá ìdajì, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe gómìnà níbẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tí yóò máa sọ fún yín pé bí ẹ kò bá fẹ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ fi àyè gómìnà sílẹ̀ lófìfo kí wọ́n lè tún ìbò dì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Nínú ìbò gómìnà Guam ní 1998, Gutierrez ní 24,250 ìbò, Joseph Ada tí ó bá a díje ní 21,200, àwọn orúkọ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní 1,294. Ìwé ìbò 1,313 kò yan ẹnikẹ́ni sí ipò gómìnà, 609 sì yan ikọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo ìwé náà mọ́ ọn, Gutierrez kò pé ìdajì; bí ẹ bá yọ àwọn tí kò yan ikọ̀ kan pàtó, ó kọjá rẹ̀. Ada pẹjọ́ pé kí wọ́n tún ìbò dì. Ní oṣù Kínní ọdún 2000, àwọn adájọ́ náà fi ohùn kan sọ pé ìbò tí wọ́n dì fún gómìnà nìkan ni ó kàn. Ẹni tí ó fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, bí ẹni tí kò wá ni.

Ti ààrẹ ń kọ́? Ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n ó máa dùn yín nígbà tí ó bá yá. Ẹni tí ó bá fi Guam ṣe ibùgbé kò ní ìbò kankan nínú yíyan ààrẹ Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Wọn a máa fi orúkọ àwọn olùdíje ààrẹ sínú ìwé ìbò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti gbọ́ èrò ọkàn aráàlú lásán ni. Ní 2020, mo pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ tí a ti kó wá, kí wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin tí ó gbé fóònù ní ilẹ̀ òkèèrè ni Guam, kí n kọ fọ́ọ̀mù àwọn tí ó wà lókèèrè. Mo kọ ọ́. Ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì kan náà wá kọ̀wé sí mi pé Guam kì í ṣe òkèèrè, pé abẹ́ Amẹ́ríkà ni, nítorí náà n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni kejì ni ó mọ òfin, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti ẹni àkọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ológun ni ó gbé yín lọ ni ẹ ì bá lè di ìbò Texas yín mú, nígbà náà ẹ̀wẹ̀ ẹ kò ní dá sí ti gómìnà Guam.

Ní ti ọkọ yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ gíríìn káàdì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan tí ó bá sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni òun, kódà bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn tábìlì bá tì í sí i níwájú. Ó lè ba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Kí ó bá yín wakọ̀ lọ sí ibi ìdìbò, kí ó sì dúró dè yín nínú ọkọ̀.